Ọdún Tí Bàbá Mi Jẹ́rìí Ṣáájú Ìwòsàn

Fèrè ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ló máa ń jí wa nínú ilé tí mo dàgbà sí ní Agége. Àkùkọ wà o, Alhaja onílé wa sin mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn àkùkọ yẹn náà ti mọ̀ pé fèrè ló ni àárọ̀, wọ́n á dúró kó pariwo tán kí wọ́n tó kọ. Lẹ́yìn fèrè, ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń bú ẹni tó bá ṣì ń sùn: ṣáà, ṣáà, ṣáà, lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa gan-an, níbi tí kò sí ìdọ̀tí kankan. Bàbá mi á ti wọ aṣọ iṣẹ́ búlúù wọn, wọ́n á kó wa jọ sí pálọ̀ fún àdúrà. Àdúrà náà máa ń gùn débi pé tíì á tutù, awọ á bò ó lójú, èmi àti Bùkọ́lá àbúrò mi á di ojú kan, a ó sì fi èkejì ṣọ́ búrẹ́dì. Òórùn bísíkíìtì á sì máa gba ojú fèrèsé wọlé láti ilé-iṣẹ́. Àwọn ìbátan wa tó ń ti òkè wá rò pé ẹni tó ń gbóòórùn bísíkíìtì láti àárọ̀ dalẹ́ ti rí ayé jẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò ju oṣù mẹ́ta lọ kí ó tó máa kọ́ ènìyàn lọ́fun.

Iṣẹ́ fítà ni Bàbá mi ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ yẹn. Àwọn ló ń tún ààrò ńlá tí wọ́n fi ń yan bísíkíìtì ṣe, àti àwọn ẹ̀rọ tó ń gé e. Tí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́, fítà á so páálí pupa kan mọ́ ọn lára, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ náà títí fítà tó so páálí á fi tún un ṣe, á dán an wò, á sì já páálí náà fúnra rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ràn òfin yìí ju Òfin Mẹ́wàá lọ. Nídìí oúnjẹ alẹ́ wọ́n á tún ìtàn fítà kan sọ fún wa, tó já páálí nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, tí ẹ̀rọ sì gé ẹlòmíràn níka. Ìka kan ló gé nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà. Kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì, ó ti di mẹ́rin. Ní ọjọ́ Àìkú, fítà yìí kan náà á bọ́ aṣọ búlúù, wọ́n á wọ sùtánà funfun, wọ́n á di Alàgbà ní ìjọ Aládùúrà wa, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í wọ bàtà wọlé. Mo máa ń rò ó pé ẹnu ọ̀nà yẹn ni Bàbá mi ń bọ́ ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ sí pẹ̀lú bàtà wọn.

Màmá mi ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń pariwo nílé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń sùn á jí, àwọn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà á máa sáré. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni wọ́n bí Táyọ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Bùkọ́lá jẹ́ mẹ́fà, gbogbo ìjọ sì ti ń bá wa gbàdúrà ọmọkùnrin láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí ẹni pé àwa méjì tó wà nílẹ̀ jẹ́ àṣìṣe tí Ọlọ́run ń múra àtitún ṣe. Ọmọkùnrin dé. Wọ́n jó, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n di ẹran lọ sílé. Màmá mi nìkan ni inú wọn kò dùn. Wọ́n á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀, wọ́n á kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Tí Táyọ̀ bá ké, wọ́n á gbé e, wọ́n á fún un lọ́mú, ojú wọn á sì wà níbòmíràn. Wọ́n gbé ọbẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jóná, tí wọ́n jókòó tì í. Wọn ò kọrin mọ́, kódà wọn ò kùn ún nídìí abọ́ tí wọ́n ń fọ̀. Mo rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n. Mo ń fọ ìlédìí Táyọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán mi, mo ń retí kí wọ́n sọ pé mo ṣe dáadáa, wọn ò sọ nǹkan kan, ó sì dùn mí gan-an.

Àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wa, gbogbo ẹni tó bá sì wọlé ló gbé orúkọ àìsàn tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá kan ní ẹ̀mí ìbànújẹ́ ni, ó bá wọn láti ìdílé wọn. Òmíràn ní ọ̀lẹ ni, pé òun bí mẹ́jọ, ọjọ́ kejì òun ti ń gún iyán. Alàgbà kan, tí kò bímọ rí nínú ayé rẹ̀, ṣàlàyé fún wa fún wákàtí kan bí ìkúnlẹ̀ abiyamọ ṣe rí. Gbogbo wọn jókòó ti Màmá mi bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, àfi pé àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi ọjọ́ méje dákẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, àwọn tiwa ò tilẹ̀ tíì jókòó tán. Èmi ni mò ń gbé omi àti bísíkíìtì fún wọn. Níkẹyìn Bàbá Wòlíì fúnra wọn wá. Wọ́n di ojú, wọ́n mì tìtì, wọ́n ní kí Màmá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti ń fi ṣíbí bẹ Màmá mi láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn kí wọ́n lè gbé ẹ̀kọ mì, wo Bàbá Wòlíì títí.

"Wòlíì," ni wọ́n wí, "ààwẹ̀ yẹn ti ń lọ lọ́wọ́. Ẹ bá wa wá ẹni tó máa ṣínu."

Alhaja onílé wa ló gbé Màmá mi lọ sí ọsibítù. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn ò mọ òfin wa, nítorí náà wọ́n lè ronú bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n dúró lórí Màmá mi, wọ́n ní: "Ìyá Ṣadé, àìsàn ni o. Ó ṣe àbúrò mi náà nígbà tó bímọ. Ẹ wọ bàtà, ẹ jẹ́ ká lọ." Bàbá mi wà níbi iṣẹ́. Dókítà tí wọ́n rí sọ pé àárẹ̀ ọkàn ni, pé ó máa ń bá àwọn abiyamọ mìíràn, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa lò lójoojúmọ́, ó sì kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ dá a dúró láìjẹ́ pé òun sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bàbá mi dé, wọ́n wo ike oògùn náà bí ẹni pé ejò ni, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kàn án. Oṣù kan kọjá, ó lé díẹ̀. Mo dé láti ilé-ìwé lọ́jọ́ Sátidé kan tí a lọ ṣe lẹ́sìnnì, Màmá mi jókòó síwájú ilé, ìyarun wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ṣadé, wá, orí rẹ ti di igbó." Wọ́n di ṣùkú fún mi. Ó wọ́, ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bàbá mi rí ṣùkú yẹn, orí wọn dàrú fún ayọ̀. Mi ò lè bá wọn wí fún ayọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ni mo bá wọn wí títí di òní. Ní ìjọ wa, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní ọpẹ́ àṣáájú: tí ènìyàn bá ti rí àmì díẹ̀ pé àdúrà rẹ̀ ń gbà, á jáde síwájú ìjọ, á jẹ́rìí pé ó ti gbà tán, kí ojú lè ti èṣù. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, Bàbá mi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ní Olúwa ti wo ìyàwó àwọn sàn pátápátá, kò ku ẹyọ kan. Ìjọ hó. Wọn ò dárúkọ Alhaja, wọn ò dárúkọ dókítà, ike oògùn kò sí nínú ẹ̀rí náà rárá. Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Wòlíì pe Bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ẹnu tó ti jẹ́rìí ìwòsàn kò gbọdọ̀ tún gbé oògùn mì, pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ Ọlọ́run di òpùrọ́. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Bàbá mi, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, rìn lọ sí ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé, wọ́n da oògùn náà sínú rẹ̀. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní tiwa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ló kó ọ̀ràn bá.

Láti ìgbà náà ni ilé wa ti di ilé eré. Màmá mi ti yá, a ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yá. Tí a bá gbọ́ ohùn ará ìjọ ní ìta, Bàbá mi á sáré wọ yàrá, wọ́n á gbé Màmá mi dìde, wọ́n á fún wọn ní gèlè, àwa ọmọ á jókòó yí wọn ká, a ó máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ́ mi ní ohun tí mo máa sọ: "Màmá mi ti yá, ògo ni fún Ọlọ́run." Mo sọ ọ́ ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi, mo sọ ọ́ fún tíṣà mi, mo mọ̀ ọ́n sọ débi pé wọ́n fún mi ní Bíbélì kékeré kan nítorí rẹ̀. Àwọn àlejò á wo Màmá mi yípo bí mọ́tò tí wọ́n fẹ́ rà, wọ́n á ní iṣẹ́ Olúwa yanilẹ́nu. Tí wọ́n bá ti lọ, Màmá mi á tú gèlè, wọ́n á padà sídìí ògiri. Lónìí tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Computer Village, tí mò ń tún fóònù ṣe, mo ṣì ń rí àwọn tó ń gbé ẹ̀rí sórí WhatsApp kí ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí tó dé. Mo máa ń fẹ́ bi wọ́n pé ta ló wà nínú yàrá yín tó ń tú gèlè.

Ọ̀sán kan, mò ń wẹ Táyọ̀ nínú bàsíà, Màmá mi jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ara wọn ti rù, ọrùn ẹ̀wù ti ń yọ kúrò léjìká wọn. Wọ́n wo ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ṣadé, tí mi ò bá sí níbí, ṣé wàá lè máa wẹ̀ ẹ́ báyìí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mo lè fún un lóúnjẹ náà." Iṣẹ́ ilé ni mo rò pé wọ́n ń bi mí. Inú mi dùn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n kíyè sí i láti oṣù mélòó kan. Màmá mi mi orí, wọ́n ní, "O ṣeun." Ó ti ju ogún ọdún lọ báyìí, mo ti di ìyá ọmọ méjì, ìdáhùn yẹn ṣì máa ń jí mi lójú oorun. Mo sáré lọ fọ́nnu fún Ìyá Àgbà ní ilé ìdáná pé Màmá ní mo lè tọ́jú Táyọ̀ tí àwọn ò bá sí níbí. Ìyá Àgbà ń lọ ata. Wọ́n gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n sì lọ jókòó ti Màmá mi, wọn ò dìde níbẹ̀ títí Bàbá mi fi ti ibi iṣẹ́ dé.

"Káyọ̀dé," ni wọ́n wí fún Bàbá mi, "gbé ìyàwó rẹ padà lọ sí ọsibítù."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká dúró ná. Ọjọ́ Àìkú yìí ni ìkórè, wọ́n ti kọ orúkọ wa sílẹ̀ pé a máa jó dúpẹ́ ìwòsàn. Tó bá ti kọjá, a ó wò ó."

"Ṣé òkú lo fẹ́ gbé jó?"

Bàbá mi gbé Bíbélì wọn. Wọ́n wọ yàrá, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, mo mọ̀ ọ́n báyìí. Wọ́n fẹ́ràn Màmá mi, wọ́n bẹ̀rù ojú ènìyàn, wọ́n sì ń pe èyí kejì ní ìgbàgbọ́. Ìyá Àgbà kò bá wọn jiyàn mọ́. Wọ́n gbé ẹní wọn wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Màmá mi, wọn ò jẹ́ kí Màmá mi dá lọ ibì kankan, kódà ilé ìwẹ̀, títí ọjọ́ ìkórè fi pé.

Ọjọ́ ìkórè, wọ́n pe ìdílé Alàgbà síwájú. Ìlù dún, àwọn obìnrin ń hó, Bàbá mi ń jó níwájú pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ọsàn nínú abọ́, Ìyá Àgbà gbé Táyọ̀, èmi di ọwọ́ Màmá mi mú. Ọwọ́ náà tutù. Bàbá Wòlíì ní kí Màmá mi fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí Olúwa ṣe, wọ́n na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí wọn. Màmá mi gbà á. Gbogbo ìjọ na ọrùn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ohùn yẹn.

"Ẹ kú ìkórè, ẹ̀yin ará," ni Màmá mi wí. "Ọkọ mi ti jẹ́rìí pé ara mi ti yá. Wọn kì í ṣe òpùrọ́, wọ́n fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni. Ara mi ò tíì yá. Wọ́n ti já páálí pupa kúrò lára mi, ẹnikẹ́ni ò sì tíì tún mi ṣe. Mo fẹ́ràn Jésù. Mo fẹ́ oògùn mi."

Ìdajì ìjọ wa ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé lórí páálí pupa. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Kí Màmá mi tó lè sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, Ìyá Wòlíì, ìyàwó Bàbá Wòlíì, fò dìde ní ìlà iwájú, wọ́n gbé orin ọpẹ́ kan sókè fíofío, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn onílù gbá a mọ́ ọn, ohùn Màmá mi sì rì sínú ariwo. Bàbá mi dúró pẹ̀lú abọ́ ọsàn. Wọ́n wo Màmá mi, wọ́n wo Bàbá Wòlíì. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé abọ́ náà sílẹ̀, wọ́n mú Màmá mi lọ́wọ́, wọ́n sì rìn jáde láàárín gbogbo ìjọ. Ní ẹnu ọ̀nà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún bàtà ló wà nílẹ̀. Bàbá mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú sùtánà, wọ́n ń wá bàtà Màmá mi, wọ́n ń gbé ti oníkálukú yẹ̀ wò, orin ń lọ nínú ilé, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Wọ́n fi wọ Màmá mi lẹ́sẹ̀ fúnra wọn.

Ní ọjọ́ Ajé, fèrè dún, Bàbá mi ò lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà ò lọ sílé-ìwé, nítorí èmi ni mo máa gbé Táyọ̀ tí wọ́n bá wọlé sọ́dọ̀ dókítà. A dé ọsibítù ní kùtùkùtù, àwọn ènìyàn ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn lẹ́nu ọ̀nà àwọn dókítà ọkàn. Obìnrin kan wà ní ìkángun, ó fa gèlè bojú, ó gbé awò dúdú sójú, ó sì ń wo ilẹ̀. Ìyá Wòlíì ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí, mo kúnlẹ̀, mo sì kí wọn sókè: "Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Wòlíì." Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú.

Ìyá Wòlíì sún díẹ̀, Màmá mi jókòó tì wọ́n.

"Ìyá Ṣadé, ẹ má bínú," ni Ìyá Wòlíì wí jẹ́jẹ́. "Orin àná yẹn. Ẹ̀rù ló bà mí. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gba oògùn níbí."

"Orin yẹn ò burú," ni Màmá mi dáhùn. "Ẹ gbé e ga jù ni."

Ìyá Wòlíì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n bi wọ́n bóyá Bàbá Wòlíì mọ̀ pé wọ́n ń wá síbí.

"Àwọn ló ń gbé mi wá. Wọ́n wà nínú mọ́tò níta. Wọn kì í fẹ́ kí ènìyàn rí àwọn."

Mo rí bí ojú Bàbá mi ṣe yí padà. Mi ò tíì rí ìbínú bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí, àní ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ìtàn ìka mẹ́rin. Wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ méjì, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kí wọ́n lọ lu Wòlíì. Màmá mi di apá ẹ̀wù wọn mú.

"Bàbá Ṣadé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni ẹ sìn wá."

Bàbá mi dúró. Wọ́n padà, wọ́n jókòó sí èkejì Màmá mi, bẹ́ǹṣì náà sì dún. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí nọ́ọ̀sì kan fi jáde pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, ó pe orúkọ Màmá mi, orúkọ àti orúkọ ìdílé. Kò sí ẹni tó ń dáhùn sókè níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti pè láàárọ̀ yẹn, ńṣe ló ń yọ́ dìde. Bàbá mi dìde dúró, wọ́n dáhùn bí ẹni tó wà níwájú ìjọ.

"Ìyàwó mi nìyí," ni wọ́n wí. "Ara rẹ̀ kò yá. A ti dé."